Kọ̀ǹpútà Tí A Tò Lórí Tábìlì Oúnjẹ

Ní ọdún 1999, nígbà tí ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá sílé ní orílẹ̀-èdè wa, tí àwọn oníwèé-ìròyìn sì ń pariwo lójoojúmọ́ pé gbogbo kọ̀ǹpútà ayé yóò ṣìwèrè bí ọdún 2000 bá ti ń wọlé, ọ̀nà mẹ́ta péré ni ó ṣí sílẹ̀ fún olùkọ́ irú tèmi, tí ń gbé Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, tí ó bá fẹ́ ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sínú ilé. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí ó lọ ra èyí tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun hàn gedegbe níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn báńkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ epo ni ọ̀nà yìí wà fún, nítorí pé bí olùkọ́ bá ń tọ́jú owó oṣù rẹ̀ láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé, agbára káká ni yóò fi rí i rà. Ọ̀nà kejì ni Tokunbo, èyí tí àwọn òyìnbó ti lò títí tí ó fi sú wọn, tí àwọn oníṣòwò wá kó gba orí òkun wá sí Àpápá. Ọ̀nà yìí dára fún ẹni tí orí rẹ̀ bá gbè é, nítorí òmíràn a dé, a sì ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, òmíràn a sì dákẹ́ kí ẹni tí ó rà á tó gbé e délé. Ọ̀nà kẹta, tí ó jẹ́ èyí tí mo gbà, ni kí ènìyàn ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kó wọn wálé, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n pọ̀.

Clone ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀rọ tí a bá tò báyìí, ohùn tí wọ́n sì fi ń pè é kì í ṣe ohùn àpọ́nlé rárá. Bí àlejò bá wọlé, tí ó rí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, kò ní tíì jókòó dáadáa kí ó tó bèèrè bóyá “branded” ni àbí clone. Bí a bá sì ti dá a lóhùn pé clone ni, yóò ní, “Ọlọ́run á ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ,” a ó sì ṣe àmín, nítorí àdúrà kì í pọ̀ jù. N kò gbà nígbà náà pé ohun ìtìjú ni, n kò sì gbà títí di òní olónìí. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ olórúkọ, orúkọ náà nìkan ni ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá dákẹ́, yóò gbé e tọ aláṣẹ àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yàn lọ, yóò sì dúró de ohun tí aláṣẹ bá sọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a ra tiwa ní ẹyọ ẹyọ, a mọ ọjà tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti wá, a mọ ẹni tí ó tà á fún wa, a sì mọ ibi tí a ó ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án bí àárẹ̀ bá dé sí i.

Iṣẹ́ ẹnu mi ni ó mú mi wá kọ̀ǹpútà kiri, kì í ṣe afẹ́. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ayé ìgbà náà mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ tápíráítà àti sténsù: kí a tẹ ìbéèrè ìdánwò sórí sténsù láìsí àmì kankan, kí a wá mú kálámù onímú irin, kí a máa fi fa àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ má sì wúwo jù, nítorí bí sténsù bá ya ní ìlà tí ó gbẹ̀yìn, ìbẹ̀rẹ̀ ni a ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì a ti sùn, wọn a ti jí, n ó ṣì wà nídìí fìtílà pẹ̀lú kálámù irin. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, wá lo ìsinmi tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ rẹ̀ sọ di gbọọrọ lọ́dọ̀ wa, tí ó dọ̀bálẹ̀ tán tí ó ní, “Bàbá Kékeré, bí ẹ bá lè wá owó, mo lè to kọ̀ǹpútà fún yín,” kò tún un sọ kí n tó dìde.

Ìyàwó mi nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn sí i. Fírísà ni òun ti ń sọ láti ìgbà tí ojú ọdún kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì ti bọ́ sí ibi tí a ti ń ka owó. Ó wo ìwé tí ọmọ náà kọ gbogbo ohun tí a ó rà sí, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bàbá Bọ́lá, gbogbo èyí tí ẹ kọ síbí yìí, ṣé ó máa ṣe é jẹ?” N kò fèsì. Àgbà tí ó bá mọ ara rẹ̀ kì í bá obìnrin tí ó jàre jiyàn.

Nínú ọkọ̀ tí ó gbé wa láti Ìwó Road lọ sí Èkó ni mo ti gbọ́ ìdí tí irú ohun tí a fẹ́ ṣe yìí fi ṣeé ṣe rárá, nítorí ọmọ náà ti kàwé nípa rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ títí a fi dé Berger. Ó ní ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1975, ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Popular Electronics gbé àwòrán ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Altair 8800 sí iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni lè fi ìwé ránṣẹ́ béèrè, tí wọn yóò sì kó ẹ̀yà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí i nínú páálí pé kí ó lọ fúnra rẹ̀ jó o pọ̀ nílé. Kò ní ojú tí a ń wò, kò ní ibi tí a ń tẹ̀, iná wínníwínní àti bọ́tìnnì ni ó wà níwájú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń du ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó bí tiwa gan-an ni èyí tí IBM gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981. Ìlú Boca Raton ní ìpínlẹ̀ Florida ni wọ́n ti ṣe é, nítorí pé wọ́n sì ń kánjú, wọn kò jókòó rọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ fúnra wọn: ọwọ́ Intel ni wọ́n ti ra processor, ọ̀dọ̀ Microsoft ni wọ́n ti gba ètò tí ń darí rẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé tí ó ṣàlàyé bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe so mọ́ èkejì. Ohun kan ni ó kù tí ó jẹ́ tiwọn tí òfin sì dáàbò bò, ìyẹn BIOS, àṣẹ kúkúrú tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń kà nígbà tí ó bá jí.

Ibi yìí ni ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù. Ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn tí ó dá Compaq sílẹ̀ ní ọdún 1982 fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe gbogbo ohun tí ti IBM ń ṣe, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní olè. Wọ́n wá pín àwọn òṣìṣẹ́ wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ka BIOS náà, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀, láìkọ bí ó ṣe ń ṣe é. Wọ́n fi ìwé yìí lé àwọn kejì lọ́wọ́, tí ojú wọn kò kan BIOS ti IBM rí, àwọn yẹn sì jókòó, wọ́n kọ tuntun tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Òfin wá wọn ní ẹsẹ̀, kò rí wọn mú. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Phoenix tún ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1984, tirẹ̀ sì ni ó ń tà fún ẹni tí ó bá ti lówó lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là fún gbogbo ayé: motherboard láti Taiwan, hard disk láti Singapore, àpótí irin láti Ṣáínà, àwọn tí ó ṣe wọ́n kò fojú kan ara wọn rí, síbẹ̀ bí wọ́n bá pàdé ní Mọ́kọ́lá, ihò èkíní yóò bá eyín èkejì mu. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé clone jẹ́ ayédèrú, mo máa ń rán an létí pé Compaq gan-an tí ó ń fi yangàn, clone ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́.

A dé Ìkẹjà. Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ibi tí a ti ń fi ojú méjèèjì sùn tí ìkẹta sì ń ṣọ́ àpò! Àdúgbò tí a mọ̀ sí Computer Village lónìí yìí, ilé gbígbé ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí, òpópónà Ọ̀tìgbà àti Ọlá Àyẹ̀ní àti Pepple, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọlọ́jà ń gbé jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi débẹ̀, yàrá àlejò ti di ṣọ́ọ̀bù, ibi ìgbọ́kọ̀sí ti di ṣọ́ọ̀bù, mo sì rí ilé kan tí ilé ìdáná rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń tún printer ṣe, tí ògiri rẹ̀ ṣì dúdú fún èéfín. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ni ó ń dúró lójú títì, wọn a gbá ènìyàn lápá aṣọ mú: “Bàbá, kí lẹ fẹ́ rà? Printer ni? Ṣé RAM ni? Ẹ máa bọ̀, ẹ wá wò ó, wíwò kì í ṣe owó.” Bí ènìyàn bá sì tẹ̀lé wọn, ṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò mú un lọ kì í ṣe tiwọn, iye tí wọn yóò dá lé e kì í sì í ṣe iye tí olówó rẹ̀ dá.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ojú lásán kò lè mọ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí ó ti kú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Processor tí ẹ rí yẹn, ọ̀daràn a máa pa nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́, a sì kọ nọ́ńbà tí ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, kí ó lè tà á ní iye tí ó ju èyí tí ó tọ́ sí i lọ. Àrékérekè yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí àwọn ará Yúróòpù gan-an ké gbàjarè nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún náà. RAM tí wọ́n nù mọ́ dáadáa lè jẹ́ èyí tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ tí omi wọ̀. Nítorí èyí, kí a tó mọ ohun tí a fẹ́ rà, ènìyàn ni a kọ́kọ́ wá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti júwe ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan fún un, tí ń tajà ní ẹ̀yìn ilé kan ní Ọ̀tìgbà, pé bí ó bá ní ohun kan dára, ó dára náà nìyẹn. A sì kọjá gbogbo ṣọ́ọ̀bù aláràbarà tí ó wà níwájú láti lọ bá a nínú ìgbàlẹ̀ rẹ̀ tí kò ní ju àyè ìtẹ́ ẹní méjì lọ.

Bí ó ṣe tajà fún wa yà mí lẹ́nu. Kò gba kọ́bọ̀ títí ó fi to gbogbo ẹ̀yà náà sílẹ̀ lórí páálí, láìsí àpótí, ó so wáyà mọ́ wọn, ó tan iná, ó sì jẹ́ kí á rí i pẹ̀lú ojú ara wa pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó mú bébà pélébé tí ó ní lẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ó kọ ọjọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i, ó sì lẹ ọ̀kan mọ́ ara ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí bébà yìí bá ti ya, ẹ má gbé e padà wá bá mi o. Bí kò bá ya, tí kò bá sì ṣiṣẹ́, ẹ gbé e wá, kódà bí mo bá wà níbi ìgbéyàwó, màá wá.” Ìdúnàádúrà wa kò pẹ́, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún ewú orí mi, èmi náà sì bọ̀wọ̀ fún òótọ́ rẹ̀. Hard disk tí a rà gba 4.3 GB, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi búra fún mi pé bí mo bá ń kọ̀wé tọ̀sán-tòru títí ọjọ́ ogbó mi, n kò lè kọ èyí tí yóò kún un. RAM rẹ̀ jẹ́ 64 MB. Monitor nìkan ni a ra ní Tokunbo, ìnṣì 15, ó wúwo débi pé ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ìdí tí ó fi sú àwọn tí ó kọ́kọ́ ni ín. Èmi ni mo gbé e lé itan dé Ìbàdàn, tí mo fi ìró ìyàwó mi wé e.

Ẹ má rò pé a lọ tààrà sídìí títò. Ọ̀rọ̀ iná ni ó kọ́kọ́ gbà wá lásìkò, nítorí pé ní ilẹ̀ wa ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ tí kò ra ohun tí yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ iná, ó kàn ń fi owó sun iná ni. Iná a lọ láìdágbére, bí ó bá sì padà, a lè padà pẹ̀lú agbára tí ó tó fọ́ gílóòbù. Ní alẹ́ ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, háfù kọ́rẹ̀ntì ni, gílóòbù á máa pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Nítorí náà a ra stabilizer, tí ń ró kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú bí ó ti ń gbé iná sókè tí ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a sì ra UPS sí i, tí bátìrì inú rẹ̀ kò ju kí a fi rí àyè pa ẹ̀rọ lọ́nà ẹ̀tọ́ lọ. Lẹ́yìn ibi tí iná ti ń wọ inú àpótí kọ̀ǹpútà gan-an, bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ 115 sí lápá kan tí wọ́n kọ 230 sí lápá kejì: 115 ni ti Amẹ́ríkà, 230 ni tiwa. Ọ̀pọ̀ àpótí ni ó ń dé láti òkè òkun pẹ̀lú bọ́tìnnì náà ní apá 115, ẹni tí kò bá sì wò ó kí ó tó ki í bọ iná, bí ìbọn ni yóò ṣe dún, tòun ti èéfín. Igi gangaran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí a tó tú ohunkóhun nínú páálí, ọmọ náà ti mú síkúrúdíráfà, ó ti bọ́tìnnì náà sí 230, ó sì ní kí èmi náà wá fojú ara mi rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni a tò ó, lórí tábìlì tí a fi ń jẹun, nítorí pé igi ni. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ rẹ̀, èyí sì dára, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní iná kan wà tí ń gbé ara ènìyàn, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, tí kò lè pa èṣinṣin ṣùgbọ́n tí ó lè pa RAM. Gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀yà kan, irin fèrèsé ni a ń kọ́kọ́ dì mú. Aládùúgbò wa kan, àgbàlagbà tí a bí sí agbo ilé alágbẹ̀dẹ, gbọ́ kinní kan, ó wọlé wá. Ó wo àpótí, ó wo síkúrù, ó wo gbogbo irin tí ó tò sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin olùkọ́, irin ni ẹ ń tò yìí o. Ẹ má gbàgbé onírin.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ògún Lákáayé, Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, ó kì í títí ojú rẹ̀ fi tàn, lẹ́yìn náà ó mú obì jáde lápò, ó pa á, gbogbo wa sì jẹ nínú rẹ̀, àti èmi tí mò ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Processor ni a kọ́kọ́ mú, AMD K6-2 tí eré rẹ̀ jẹ́ 350 MHz, èyí tí ilé-iṣẹ́ AMD gbé jáde ní ọdún 1998 láti fi bá Intel du ọjà, tí owó rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti Pentium II lọ. Abẹ́ rẹ̀ kún fún irin tín-ínrín tí ó lé ní 300, èyíkéyìí tí ó bá sì tẹ̀ nínú wọn, wàhálà dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí yóò wọ̀ lórí motherboard, ọ̀pá irin kékeré kan wà. Ọmọ náà gbé ọ̀pá yìí dúró, ó wo igun tí wọ́n fàmì sí, ó gbé processor lé orí ihò, ó sì yọwọ́ kúrò pátápátá. Processor náà rọra wọlé fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ó da ọ̀pá irin náà padà sílẹ̀, ó sì há a pinpin. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tèmi dé. Motherboard ayé ìgbà náà kì í dá mọ irú processor tí ó wà lórí rẹ̀. Ènìyàn ni yóò sọ fún un, nípa fífi jumper, ìyẹn ìdérí oníke kan tí kò tó ìdajì èékánná, de irin méjì pọ̀ níbi tí ìwé bá júwe. Ìwé náà kún fún tábìlì nọ́ńbà ní lẹ́tà tí kò tó ojú kòkòrò. Mo wọ awò ojú, mò ń kà á jáde: fọ́ltéèjì, 2.2, eré ojú ọ̀nà, 100, ìsọdipúpọ̀, 3.5, òun a tún un pè, a fi jumper sí i, a sì tún bi mí léèrè kí ó tó ṣí lọ sí èkejì, nítorí bí fọ́ltéèjì bá ga ju bí ó ṣe yẹ lọ, processor yóò jóná kí a tó pajú dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ fún ibi tí jumper ń wọ̀, sùúrù mi sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ fún ohun tí ìwé wí.

Wáyà tí ń gbé iná wọ motherboard pín sí méjì, ẹnu méjèèjì jọra, wọ́n sì lè wọ ihò ara wọn. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá to kọ̀ǹpútà ní sáà yẹn ni ó sì mọ̀ ọ́n lórí: dúdú kan dúdú. Wáyà dúdú ti èkíní gbọ́dọ̀ fara kan wáyà dúdú ti èkejì ní àárín. Ẹni tí ó bá gbé wọn síra wọn lódì, motherboard tuntun ni yóò lọ rà. Àwọn yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀: wáyà pẹlẹbẹ fún hard disk àti CD-ROM, tí etí rẹ̀ pupa gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ kìn-ín-ní, fúlópì, káàdì àwòrán, síkúrù lóríṣiríṣi.

Nígbà tí a tan án, fáànù kọ́kọ́ yí, a dákẹ́, ẹ̀rọ náà sì ké lẹ́ẹ̀kan, igbe kúkúrú. Ọmọ náà fò sókè, nítorí igbe kúkúrú kan túmọ̀ sí pé ara le. Bí ó bá ké gùn lẹ́ẹ̀kan tí ó sì fi kúkúrú méjì lé e, káàdì àwòrán ni kò wọlé dáadáa. Ojú monitor mọ́lẹ̀, orúkọ processor jáde, nọ́ńbà RAM sì ń gòkè lọ títí ó fi dúró lórí 65536. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní, “Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni ó ń ṣe. Ọmọ náà ní ó ń ka ara rẹ̀ ni. Ó ní, “Ó káre,” ó padà sídìí ọbẹ̀. Nígbà tí a ń pín hard disk sí yàrá yàrá fún Windows 98 ni iná lọ, UPS bẹ̀rẹ̀ sí í han, a sì pa gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ni a parí rẹ̀.

Títẹ Yorùbá lórí rẹ̀ tún jẹ́ ìtàn ọ̀tọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó ro tiwa mọ́ lẹ́tà tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ náà. Mo wá ọgbọ́n dá. Bí ènìyàn bá di Alt mú tí ó tẹ 0233, é yóò jáde. Bí ó bá wá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó di ẹ olóhùn òkè. 0232 ni ti ìsàlẹ̀, 0243 àti 0242 ni ti o. S náà, ìlà ni a ń fà sábẹ́ rẹ̀. Ń olóhùn òkè ni ó kọ̀, tí kò sí lára èyí tí nọ́ńbà Alt ń pè jáde, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó pọ̀ jù lẹ́nu wa; èyí ni mo ń fi bíró sí lẹ́yìn tí printer bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Síbẹ̀, kálámù onímú irin kò tún kan ọwọ́ mi mọ́, àwọn olùkọ́ Yorùbá láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá da nọ́ńbà wọ̀nyí kọ lọ́dọ̀ mi.

Àwọn aládùúgbò náà ń wá, ṣùgbọ́n òkú ẹ̀rọ ni àwọn ń gbé wá. Tábìlì wa di ilé ìwòsàn. A a gbé àwo oúnjẹ lé àpótí. Mo kíyè sí i pé ẹ̀rọ olórúkọ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá, kì í ṣe pé ó ń yára bàjẹ́ ju clone lọ, bí kò ṣe pé ẹni tí ó ni ín kò tíì ṣí inú rẹ̀ wò rí. Eruku ọyẹ́ ni àrùn wọn, bí kò bá jẹ́ eruku, RAM ni: a ó yọ ọ́, a ó fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu eyín rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, a ó dá a padà, ẹ̀rọ á sì jí. Olówó rẹ̀ a bèèrè pé èló, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi a sì wò mí lójú, mo sì máa ń ní kí wọ́n ra rọ́bà mìíràn fún wa. Lẹ́yìn tí Zinox jáde ní ọdún 2001, kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò ní Nàìjíríà tí ó sì ní orúkọ tirẹ̀ níwájú, àwọn tí ń gbàdúrà “èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ” fún mi dín ohùn kù díẹ̀, nítorí ó wá yé wọn pé gbogbo èyí tí ó lórúkọ, ẹnìkan ni ó tò ó níbìkan.

Ẹ̀rọ náà kò kú ní ọjọ́ kan. A yí RAM rẹ̀ padà, a yí hard disk padà (ìbúra ọmọ náà kò ṣẹ), a wá yí motherboard àti processor padà, títí ó fi jẹ́ pé àpótí irin nìkan ni ó kù lára èyí tí a gbé láti Ìkẹjà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé Ìlú Ọba láti ọjọ́ pípẹ́. Láìpẹ́ yìí ni ó pè mí lórí WhatsApp kí n wá wo èyí tí ọmọ tirẹ̀, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, wọn kò kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́ ẹ. Mo bèèrè ibi tí bọ́tìnnì pupa wà. Ó ní kò sí irú rẹ̀ mọ́, pé ẹ̀rọ ìsinsìnyí ń mọ iná tí ó wọlé fúnra rẹ̀. Mo bèèrè jumper. Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Gíláàsì ni ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, inú rẹ̀ kún fún gílóòbù wínníwínní, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn, wọ́n ń sáré yípo fáànù. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni àwọn iná yẹn ń ṣe. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Grandpa, wọn ò ṣe iṣẹ́ kankan.” Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n bí ó bá ń bọ̀ ní Ìbàdàn, kí ó fi èyí sílẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí iná tí a óò fi gbé ẹ̀rọ ni a ṣì ń wá, a kò tíì ní èyí tí a óò fi ṣeré.